Ta Ló Gbẹ̀bí fún Ọmọ Ìyálóde?

Ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà la ń kà lọ́wọ́ nígbà tí ìbéèrè tó wà lókè yìí jáde. Àwa mẹ́fà la máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Ìgbòho, lẹ́yìn ilé ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ olùkọ́, tí a ó máa ka ìwé Yorùbá sókè. Ẹnì kan á ka ojú ìwé méjì, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ méjì, télọ̀ kan, ọmọ kan tó ń retí èsì ìdánwò, akọ̀wé tó ń kọ èyí lórúkọ gbogbo wa, àti ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ là ń pè wọ́n. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà kí wọ́n tó lọ kọ́ òwò, àmọ́ tó bá di ká ka eré sókè, kò sí èyí tó tó wọn nínú wa.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà, ó sì jáde ní 1970. A ò rò pé ó yẹ ká máa sọ ìtàn rẹ̀ fún òǹkàwé Yorùbá: Ìyálóde Ìbàdàn tó lówó tó lẹ́rú, tó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun ò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun ò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún, tí Adétutù wá lóyún, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ pa á. Ibi ìkà Ìyálóde ni gbogbo èèyàn máa ń dúró sí nínú ìtàn yìí. Ibẹ̀ làwa náà dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Télọ̀ wa ń sọ pé obìnrin náà ò láàánú lójú, ọmọ ìdánwò ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé nípa ìwà ẹ̀dá ìtàn. Ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ bá pa ìwé dé, wọ́n ní, “Ọmọ tiẹ̀ tó kú yẹn ńkọ́? Ta ló gbẹ̀bí fún un?”

A ò rí èsì fọ̀.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán ní, pé orí ìkúnlẹ̀ lọmọ náà kú sí ní 1860, pé láti ìgbà náà ìyá ò rí òmíràn bí mọ́, tó fi wá di ẹni tó ń fìyà jẹ ẹrúbìnrin tó bá lóyún. Ikú ọmọ yẹn ò gbà ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwà ìyá ló kù, títí dé 1874 tí wọ́n pa òun náà lábẹ́ àṣẹ Ààrẹ Látòósà. Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa Ìyálóde yìí nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà, ó sì jẹ́ ká rí òṣèlú tó wà nídìí ọ̀rọ̀. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n yàrá tí ọmọ náà ti ń rọbí, kò sẹ́ni tó mú wa wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ò lè dárúkọ ọmọ ọ̀hún.

Ẹ̀sùn wa lórí eré náà rèé, a sì mọ̀ pé ẹ̀sùn lórí àgbà òǹkọ̀wé ni, ẹni tí a ò tó bẹ́ẹ̀ ká máa kọ́ níṣẹ́. Àìrọ́mọ Ìyálóde la rí lórí ìtàgé. Ikú tó fa àìrọ́mọ náà ti di àlàyé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ sí i, eré tirẹ̀ ló ń kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka àwọn ìwé yòókù tí a ti jọ kà lórí ìka, ohun kan náà la bá níbẹ̀. Ikú orí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ìtàn fúnra rẹ̀ láé. Ó máa ń wà níbẹ̀ kí ọmọ lè di ọmọ òrukàn, kí bàbá lè fẹ́ ìyàwó mìíràn, kí orogún lè ráyè wọlé. Obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ojú ìwé kan, ká tó ṣí èkejì, wọ́n á ti máa wá ẹni tó máa tọ́ ọmọ.

Fíìmù ló burú jù. Ẹ̀yin náà ti rí i. Aboyún ń rọbí, ó ń ké, kámẹ́rà á fi í sílẹ̀, á wọ inú igbó lọ bá àwọn ìyá kan tó fi okùn di igbá. Bí wọ́n bá ti ń fa okùn laboyún á máa kígbe. Bí pásítọ̀ tàbí babaláwo bá borí wọn, ọmọ á ké. Bí kò bá borí, dókítà á jáde, á bọ́ awò ojú, á ní àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn. Dókítà yẹn ò níṣẹ́ mìíràn nínú fíìmù ju kó wá jẹ́ ìròyìn lọ. A ò rí i kó wo aago. A ò rí i kó béèrè pé ìgbà wo ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, á bi ọkọ pé ta ni kí òun yọ, ìyá ni àbí ọmọ, bí ẹni tó ń ná ọjà.

A rẹ́rìn-ín nígbà tí télọ̀ wa ṣe bí dókítà fíìmù. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ ìdí tí wọ́n fi béèrè, wọ́n sì yọ̀ǹda ká kọ ọ́. A ò ní dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí náà, a ò sì ní sọ ọdún rẹ̀.

Àbúrò wọn obìnrin ló lóyún ìkarùn-ún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ kẹrin, wọ́n sì ti sọ fún un nígbà yẹn pé tó bá tún lóyún, ibi tí dókítà abẹ wà ni kó ti bí i. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tó sún mọ́ ọn. Wọ́n gbà á, wọ́n gba owó káàdì, kò sẹ́ni tó ní kó lọ ibòmíràn. Alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí ọmọ ò tíì wá, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrọbí yára sínú omi náà. Ìrora wá ń gun ara wọn, kò sí àyè láti mí láàárín wọn. Lọ́sàn-án, ẹnì kan gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ méjèèjì ti ikùn rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ dúró sí. Wọ́n gbọ́ igbe kan tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti ń ké bọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ìrora dáwọ́ dúró pátápátá. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀ màmá, ó ti sinmi díẹ̀.”

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fọkàn balẹ̀. Wọ́n jáde lọ ra omi inú ọ̀rá.

Ó tó wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí. Ọkọ̀ akérò ni wọ́n rí, awakọ̀ ní kí wọ́n san owó gbogbo ìjókòó, wọ́n sì san án. Ọ̀nà Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n gbà. Ní Ṣakí, wọ́n là á. Ọmọ ti kú, ó ti jáde kúrò nínú ilé ọmọ, ó wà nínú ikùn lásán. Dókítà ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé fún ọkọ kó lè yé e: ojú àpá iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ló ya, ó ya títí dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí fà sí i lára ò tó. Kò rí àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn tó wá kí wọn nílé ló sọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́. “Ọlọ́run ló yé.” “Orí ló gbé e lọ.” Ìyàwó àbúrò bàbá wọn kan sì fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọ ohùn sílẹ̀: “Wọ́n ti wà nídìí ẹ̀ láti orí ọmọ kẹrin. Wọn ò fẹ́ kó bí márùn-ún.”

Ta ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa. “Wọ́n” yìí lágbára púpọ̀ nínú èdè Yorùbá. Òun la fi ń bọlá fún àgbà, bí a ti ń fi í pe Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ bọ̀ láti òkè. Òun náà la fi ń pe ẹni tí a ò mọ̀. Òun náà sì la fi ń pe ẹni tí a mọ̀ tí ẹ̀rù ń bà wá láti dárúkọ. Nígbà tí aboyún bá kú, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló máa ń ṣíwájú: wọ́n di àwọn àgbà, wọ́n di ayé, wọ́n di ìyá tó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn tó wà nínú yàrá ńkọ́? Wọ́n gba owó káàdì. Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n ti ikùn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé “wọ́n” kan náà ni? Èyí tó lójú, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó ní wákàtí tó dé àti wákàtí tó lọ, òun là ń fò kọjá lọ bá èyí tí kò lójú.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà tún ń bá wa bò ó. A máa ń sọ pé ilé ọmọ rẹ̀ ya, bí aṣọ ṣe ń ya. Gbólóhùn náà pé, kò ní ẹni tó ṣe nǹkan kan nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fa aṣọ wa ya lọ́jà, a ò ní délé ká sọ pé aṣọ ya. A ó sọ pé wọ́n fà á ya, a ó sì mọ ẹni tí à ń bá wí. Kì í ṣe gbogbo ilé ọmọ tó ya lẹnì kan fà ya o. Òmíràn wà tí àpá rẹ̀ kàn ṣí, láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, níwájú dókítà tó mọṣẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé èdè wa ní gbólóhùn méjì, ọ̀kan ṣoṣo la sì ń lò.

Torí ohun tó ṣe àbúrò Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ yìí kì í ṣe àwámáridìí. Obìnrin tó ti ní àpá abẹ lára ilé ọmọ wà lára àwọn tí ewu yìí sún mọ́ jù. Ọmọ tó há, tí kò rí ọ̀nà, tí ilé ọmọ ń tì í tí kò lọ, ń fa ewu kan náà. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí wọn ò wọ̀n, tí wọn ò sì jókòó tì, ń sọ ewu náà di méjì. Kí wọ́n tún wá máa gun ikùn lé e. Bí ó bá sì ya, àmì rẹ̀ ni èyí tí nọ́ọ̀sì pè ní ìsinmi: ìrora tó dáwọ́ dúró lójijì láìsí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ọkàn aboyún á máa sáré, ara á tutù, ìlù ọkàn ọmọ á dákẹ́. Ohun tó kù ni abẹ àti ẹ̀jẹ̀, kíákíá.

Ìwé kan wà fún un, èyí tó dùn mọ́ wa láti sọ̀rọ̀ lé lórí torí pé ìwé ni. Partograph ni wọ́n ń pè é. Abala kan ṣoṣo ni. Ní 1972, Philpott àti Castle gbé irú rẹ̀ kan jáde ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí, fún àwọn agbẹ̀bí tó wà lábúlé tí dókítà jìnnà sí, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dà bíi tàwọn ará Òkè-Ògùn gẹ́lẹ́. Wákàtí wà nísàlẹ̀, bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlù ọkàn ọmọ wà lókè. Ìlà méjì ló dábùú rẹ̀: èkíní ń kìlọ̀, èkejì wà ní wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ ṣe nǹkan. Agbẹ̀bí á máa fi àmì sí i bí ìrọbí ṣe ń lọ. Lójú tiwa, ìtàn ìbímọ tó péye jù lọ tí ẹnikẹ́ni ti kọ nìyẹn: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àkókò, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹni tó kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tí eré Ẹfúnṣetán ò fún wa wà nínú abala ìwé kan ṣoṣo, bí wọ́n bá kọ ọ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ Ìyálóde. Ohun yòówù kó pa á, ọdún 1860 ni. Ní Yúróòpù pàápàá nígbà yẹn, iṣẹ́ abẹ ìbímọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ikú. 1882 ni Max Sänger, dókítà ará Jámánì, tó fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n rán ilé ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá là á. Owó Ìyálóde ò lè ra ohun tí kò sí. Ẹni tó bá sọ lọ́dún náà pé Ọlọ́run ló mú un, a ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn Ìyálóde yẹn kan náà ni wọ́n ṣí UCH sí ní 1957. Ibẹ̀ ni Lawson ti ń kọ́ àwọn dókítà, tí òun àti Stewart sì gbé ìwé ńlá jáde ní 1967 lórí ìtọ́jú aboyún ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. Ìmọ̀ ti dé Ìbàdàn kí Ìṣọ̀lá tó tẹ eré rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tó bá 1860 mu la ṣì ń lò fún obìnrin tó kú lójú ọ̀nà Ṣakí. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rọrùn lẹ́nu ni pé ìwé wa ò fún wa ní òmíràn.

Kì í sì í ṣe ìwé nìkan. Ẹ ti gbọ́ orin tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ́ àwọn aboyún ní ọjọ́ ìpàdé, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, tí wọ́n á máa jó. Ewì alohùn ni, ó dùn, kò sì sí abiyamọ tí kò mọ méjì mẹ́ta nínú wọn. A ò tíì rí onílàmèyítọ́ kankan tó jókòó ti orin wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ bóyá ni ewì Yorùbá mìíràn wà tí obìnrin púpọ̀ ń kọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ní kí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ àti ìyàwó òun kọ gbogbo èyí tí wọ́n bá rántí. A tẹ́tí sí ẹni tí orin ń bá sọ̀rọ̀. Aboyún ni: kó tètè wá forúkọ sílẹ̀, kó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹ̀fọ́, kó má lo àgbo, kó ra ìpara, kó ra òwú, kó fún ọmọ lọ́mú. Ìmọ̀ràn rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tí wọ́n kọ fún wa, kò sí ẹyọ kan tó yíjú sí ẹni tó ń kọ́ni ní orin. Kò sí èyí tó ní kí nọ́ọ̀sì wo aago, kó wo ojú àpá, kó má ti ikùn, kó tètè ní kí wọ́n gbé e lọ. Ìyàwó olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ló máa kọ ìyẹn? Àwa ni wọ́n ń bá wí láti ọjọ́ táláyé ti dáyé.”

Òfin tiẹ̀ wà tó bá wọn wí. Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì fún ìdí yòówù, ó sì ní kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ọkọ olóògbé lọ béèrè àkọsílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ti ikùn aya rẹ̀. Wọ́n ní fáìlì ò sí nílẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ mọ́.

Ká sọ pé ó rí i ńkọ́? Ẹjọ́ Ojo àti Gharoro wà, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2006. Obìnrin kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Benin, torí ọmọ ló ń wá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán an kán, ó sì kù sínú ikùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn, títí dé òkè pátápátá, ó pàdánù níbi gbogbo. Ilé ẹjọ́ ní abẹ́rẹ́ tó wà nínú ikùn ò fúnra rẹ̀ fi hàn pé dókítà jáfara. Obìnrin náà ní láti fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, kò sì mú amọṣẹ́dunjú kankan wá jẹ́rìí. Dókítà wo ni ìbá sì wá jẹ́rìí tako dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀? Bí abẹ́rẹ́ tó hàn nínú àwòrán ò bá lè sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́, kí ni ilé ọmọ tó ti wọ ilẹ̀ lọ máa sọ?

Lọ́dún 2023, àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ káàkiri ayé, Nàìjíríà nìkan sì kó nǹkan bí 75,000 nínú wọn. A kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ Ìgbòho nìkan ni.

A jà díẹ̀ lórí nọ́ọ̀sì yẹn, ó yẹ ká sọ ọ́. Télọ̀ ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n tì í mọ́lé. Olùkọ́ kejì, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí, ní ká fara balẹ̀: obìnrin kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń ran aṣọ, dókítà tó yẹ kó pè ti lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì rántí ìtàn Charlotte, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó rọbí fún nǹkan bí àádọ́ta wákàtí ní oṣù kọkànlá 1817, tó bí ọmọ ní òkú, tí òun náà kú ní wákàtí díẹ̀ sí i. Gbogbo ìlú dojú kọ Richard Croft tó gbẹ̀bí rẹ̀. Ní oṣù kejì 1818, ọkùnrin náà yìnbọn pa ara rẹ̀. Ìyẹn náà ò mú ẹnikẹ́ni jí.

Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ọ̀nà méjì ni ìtàn fi lè parọ́ fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù wa fọ́n ẹ̀bi ká sínú afẹ́fẹ́ títí kò fi kan ẹnikẹ́ni. Eré Ẹfúnṣetán kó gbogbo ibi jọ sórí obìnrin kan, ó kú tán, ọkàn wa balẹ̀, a lọ sílé. Bí a bá sọ nọ́ọ̀sì yẹn di Ẹfúnṣetán tuntun, ẹni tó gbà aboyún alápàá sílé nítorí owó káàdì á lọ láìfarapa, ẹni tó yẹ kó fi mọ́tò pàjáwìrì sílẹ̀ á lọ, ẹni tó jí fáìlì gbé á lọ. Ohun tí à ń wá lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni ìtàn tó máa tẹ̀ lé gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan, wákàtí tẹ̀ lé wákàtí, láti ìgbà tí obìnrin di ìdí mú ní alẹ́ títí dé Ṣakí. Kò rọrùn láti kọ. Ó nílò ẹni tó máa lọ jókòó ti àwọn agbẹ̀bí, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, kó sì mọ orúkọ irinṣẹ́ wọn bí Fágúnwà ṣe mọ orúkọ igi inú igbó.

Ìgbòho tiẹ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú òkú sínú ọ̀rọ̀. Ìlú yìí làwọn Aláàfin fi ṣe ibùgbé nígbà tí Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, mẹ́rin nínú wọn ló sì sùn sí Igbó Ọba wa, Òròmpọ̀tọ̀ wà lára wọn, ẹni tí ìtàn kan ní obìnrin ni. Ó lé ní irínwó ọdún, a ṣì lè dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Aboyún tó bá kú toyún toyún láyé àtijọ́, a kì í sin ín sílé. Ètùtù ni wọ́n máa ń ṣe, wọ́n á sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. A ti pa púpọ̀ nínú ètùtù náà tì. Àìsọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ la ò tíì pa tì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ mú káàdì àbúrò wọn wá, wọ́n wé e sínú ọ̀rá méjì. Wọ́n fi lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé eré. A gbà á lọ́wọ́ ara wa, a kà á sókè bí a ti ń ka ohun gbogbo, láti òkè wálẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ orí, iye ọmọ. Ìwọ̀n ara lóṣooṣù, ìfúnpá, gbogbo rẹ̀ pé. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí òkè pé abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ tó ṣáájú, wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìdánwò ló ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ àpótí sí fún wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, fún ìlù ọkàn ọmọ, fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún, fún orúkọ ẹni tó gbẹ̀bí. Ó ń ka àkọlé wọn lọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan dáhùn, nígbà tó yá ó gbójú sókè, ó ní, “Màmá, wọn ò kọ nǹkan kan síbí.”